Gírísì Lẹ́sẹ̀ Tirélà: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìtọ́jú Jáàkì

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí a kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Ohun náà ni jáàkì tí ó wà lábẹ́ tirélà, àwọn irin méjì tí ó máa ń dúró bí ẹsẹ̀ nígbà tí a bá já orí tirélà kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba Jójú kọjá ní Sàngó-Ọ̀tà yóò gbà pẹ̀lú mi pé àdúgbò tirélà ni. Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta àti ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò jìnnà síra wọn níbẹ̀. Kọ̀ntéénà tí a gbé láti èbúté Apápá wá sí àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà, ẹ̀yìn tirélà ló ń jókòó lé. Nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ lọ gbé ẹrù mìíràn, yóò yí jáàkì sílẹ̀, yóò já orí ọkọ̀ rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀yìn tirélà àti ẹrù sílẹ̀ lórí irin méjì wọ̀nyí. Kọ̀ntéénà oníwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 40, bí ó bá kún, lè wọn kílò 30,480. Àwọn táyà ẹ̀yìn á gbé ìpín tiwọn nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì iwájú á sì gbé ìyókù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni olóńjẹ ń tajà, ibẹ̀ ni ọmọ iléèwé ń gbà kọjá, abẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni ọmọọṣẹ́ awakọ̀ máa ń sùn sí nígbà tí oòrùn bá mú.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ jáàkì. Ìdáhùn mi kò gùn. Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń yí jáàkì. Yorùbá ni wọ́n fi ń bú ọmọ tí kò bá yí i dáadáa. Ṣùgbọ́n èdè òkèèrè ni wọ́n fi kọ ìwé ìtọ́jú tí ó bá jáàkì náà wá, ẹni tí ó sì ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tirélà kò fojú kàn án rí. Ohun tí ẹnu ń sọ nìkan, tí a kò kọ sílẹ̀, bí ó bá ti ẹnu ọ̀gá kan bọ́ sí ti òmíràn, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa já sọ́nà. Gírísì wà lára ohun tí ó já sọ́nà. Nítorí náà, mo fẹ́ kọ ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ọkọ̀ ojú omi ló bí tirélà Fruehauf

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí irin yìí ti wá. Ní 1914, ní ìlú Detroit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, alágbẹ̀dẹ kan wà tí ń jẹ́ August Fruehauf, ẹni tí ó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà. Oníṣòwò pákó kan, Frederick Sibley, wá bá a. Sibley ní ọkọ̀ ojú omi kan tí ó fẹ́ gbé lọ sí ilé ìsinmi rẹ̀, ó sì ní mọ́tò Ford tirẹ̀ tí kò ṣeé gbé ọkọ̀ náà sí. Ó bẹ alágbẹ̀dẹ yìí kí ó wá nǹkan ṣe sí i. Fruehauf kan kẹ̀kẹ́ kan tí iwájú rẹ̀ jókòó lé ẹ̀yìn mọ́tò, tí táyà sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí Sibley fi ní kí ó kan òmíràn fún òun láti máa fi kó pákó. Ní 1918, Fruehauf dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ṣíṣe tirélà.

Ẹ ò rí i pé ọkọ̀ ojú omi ni ẹrù àkọ́kọ́ tí tirélà Fruehauf gbé? Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni ó sì ti jáde. Títí di òní, mọ̀lẹ́bí ni tirélà kékeré tí a fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí ọ̀sà àti tirélà ńlá tí ó ń kó kọ̀ntéénà wá sí Ọ̀tà. Ti ọkọ̀ ojú omi máa ń ní jáàkì kan ṣoṣo lọ́rùn, tí táyà kékeré wà nídìí rẹ̀. Ti kọ̀ntéénà máa ń ní méjì, ọ̀tún àti òsì, tí pátákó irin wà nídìí wọn. Inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìtọ́jú wọn náà kò sì yàtọ̀.

Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìtàn yìí yà wá lẹ́nu jù, nítorí pé èdè wa ti rin ọ̀nà kan náà. Ọkọ̀ tí a fi igi gbẹ́, tí a ń wà lórí omi, ni a mọ̀ kí mọ́tò tó dé. Nígbà tí mọ́tò dé, a kò wá orúkọ lọ títí. Ọkọ̀ náà ni a pè é. Ẹni tí ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lójú omi àti ẹni tí ó di sítiárìn mú, awakọ̀ ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí ti òfuurufú dé, ọkọ̀ náà ni. Bí ó bá sì balẹ̀, a ó ní ó gúnlẹ̀, bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá gún èbúté. Ní ilẹ̀ Àwórì, tí Ọ̀tà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ìlú rẹ̀, omi wà nínú ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn pẹ̀lú: wọ́n ní Ògúnfúnmínire tẹ̀lé àwo kan tí ó ń léfòó lórí odò títí ó fi rì ní Ìsẹ̀rì. Èdè tí ó gbé ọkọ̀ láti inú omi dé títì ọ̀dà kò ní ṣe aláìrí ọ̀rọ̀ fún ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ náà fi ń dúró. Ẹsẹ̀ ìgúnlẹ̀ ni èmi ìbá pè é.

Ohun tí ó wà nínú jáàkì

Bí a bá tú jáàkì palẹ̀, ohun mẹ́fà ni a ó bá níbẹ̀.

Èkíní ni páìpù òde, èyí tí a fi bóòtù dè tàbí tí jórinjórin jó mọ́ ara tirélà. Èkejì ni páìpù inú, tí ó wọ inú ti àkọ́kọ́, tí ó ń lọ sókè sódò. Ẹ̀kẹta ni irin gbọọrọ kan tí ó dúró láàárín wọn, tí a gbẹ́ ìlà yí ká láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ti bóòtù. Irin onílà ni n ó máa pè é. Ẹ̀kẹrin ni nọ́ọ̀tì ńlá tí a lẹ̀ mọ́ páìpù inú, tí irin onílà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ̀karùn-ún ni gíà, àwọn irin eléyín tí eyín wọn wọ inú ara wọn, tí wọ́n ń sọ yíyí háńdù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ di yíyí irin onílà tí ó dúró lóòró. Ẹ̀kẹfà ni bẹ́ríìnì tí ó wà lókè irin onílà, tí gbogbo ìwúwo ẹrù ń tẹ̀.

Bí a bá yí háńdù, gíà á yí irin onílà. Nọ́ọ̀tì kò lè bá a yí, nítorí pé ó ti lẹ̀ mọ́ páìpù inú, páìpù inú kò sì ní àyè láti yí. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni kí ó máa gun ìlà náà lọ tàbí kí ó máa sọ̀ kalẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ á jáde. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹlẹ̀, tirélà á gòkè. Ní ti tirélà kọ̀ntéénà, irin ìdábùú kan so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì kí wọ́n lè jọ gòkè, kí wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn tún ní gíà méjì: ọ̀kan yára, òun ni a fi ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí kò tíì tẹlẹ̀, èkejì lọ́ra ṣùgbọ́n ó lágbára, òun ni a fi ń gbé ẹrù.

Báwo ni ọwọ́ ènìyàn kan ṣe lè gbé ẹrù tí ogún ọkùnrin kò lè gbé? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní apá háńdù gùn ní 20 sẹ̀ǹtímítà, tí àlàfo tí ó wà láàárín ìlà kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Bí a bá yí háńdù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ wa yóò ti rin nǹkan bí 125 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré ni ẹrù yóò fi gòkè. Ìrìn ọwọ́ jẹ́ ìlọ́po 250 ìrìn ẹrù. Ìyẹn ni pé bí kò bá sí ohun tí ń fa irin sẹ́yìn, agbára tí ó tó láti gbé kílò 10 yóò gbé kílò 2,500. Bí ìgbà tí ènìyàn ń gun òkè gíga ni. Ẹni tí ó bá kọjú sí i gán-án yóò mí hẹlẹ; ẹni tí ó bá gba ọ̀nà tí ó yí òkè ká yóò pẹ́, ṣùgbọ́n yóò dókè láìsí wàhálà púpọ̀. Ìlà ara irin onílà ni ọ̀nà tí ó yí òkè ká yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń fa irin sẹ́yìn wà. Irin ń ha irin. Nínú irú jáàkì yìí, ju ìdajì agbára ọwọ́ wa lọ ni ìhara yìí ń jẹ, pàápàá bí gírísì bá tilẹ̀ wà níbẹ̀. Bí gírísì kò bá sí ńkọ́? Ìhara náà á pọ̀ sí i, á sì máa jẹ irin pẹ̀lú.

Àwọn ọmọọṣẹ́ kan ń bẹ̀rù pé bí a bá fi gírísì sí irin onílà, yóò máa yọ̀, ẹrù yóò sì fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí kò ní ìdí. Ìlà jáàkì kò dagun púpọ̀, ó tẹ́ jẹ́jẹ́. Ìtẹ́jẹ́jẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì yí padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ pé gírísì wà níbẹ̀. Ohun tí ó ń mú kí jáàkì já ni pé ìlà náà ti jẹ tán, tí ó ti tín-ín-rín bí etí ọ̀bẹ. Àìsí gírísì ni ó sì ń jẹ ẹ́ tán bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ń pa jáàkì

Ọ̀tá jáàkì mẹ́rin ni: omi, yanrìn, àìlò àti ipá.

Omi ni olórí wọn. Níbi tí wọ́n ti ń fi tirélà gbé ọkọ̀ sí ojú omi, ẹ̀yìn tirélà gbọ́dọ̀ wọ inú omi kí ọkọ̀ tó lè léfòó. Omi lè wọ jáàkì nígbà náà, bí ó bá sì jẹ́ omi iyọ̀ ni, ìparun náà á yá ju ti omi odò lọ. Ní Ọ̀tà, a kì í ti tirélà sínú ọ̀sà, ṣùgbọ́n ọ̀sà máa ń wá bá tirélà lórí ilẹ̀! Lásìkò òjò, adágún omi máa ń dúró sí ẹ̀bá títì àti inú kòtò, tirélà tí wọ́n sì já sílẹ̀ síbẹ̀ lè dúró sínú omi fún ọjọ́ púpọ̀. Irin, omi àti afẹ́fẹ́, bí àwọn mẹ́ta yìí bá pàdé, irin á dógùn-ún. Ìpáàrà tí ó bá yọ máa ń gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ. Àyè tín-ín-rín tí ó wà láàárín páìpù òde àti ti inú á dí, jáàkì á sì gan.

Yanrìn ni èkejì. Eruku ọyẹ́ àti yanrìn ẹ̀bá ọ̀nà máa ń lẹ̀ mọ́ gírísì tí a fi sí ìta. Gírísì tí yanrìn kún inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí òkúta ìpọ́nrin: bí a ti ń yí i ni ó ń lọ irin.

Àìlò ni ẹ̀kẹta. Jáàkì tí a kò yí fún ìgbà pípẹ́, gírísì inú rẹ̀ á gbẹ, á le bí àmọ̀, epo inú rẹ̀ á ti ṣàn lọ.

Ipá ni ẹ̀kẹrin, òun ló sì ń ṣe ènìyàn léṣe jù. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọọṣẹ́ á ní, “Ọ̀gá, ó ti le o, kò yí mọ́.” Ọ̀gá á dáhùn pé, “Fi páìpù gùn ún kí o sì tẹ̀ ẹ́.” Wọ́n á fi páìpù gígùn sí ẹnu háńdù, ẹni méjì á rọ̀ mọ́ ọn. Bí eyín gíà bá ṣẹ́, háńdù náà á ta padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú ni yóò sì bá. Bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì ló já, ẹsẹ̀ kan á rọ, tirélà á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹrù orí rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Gírísì tí owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ mélòó kan ni wọn kò rà.

Gírísì: epo àti ọṣẹ

Kí ni gírísì gan-an? Ọ̀pọ̀ rò pé epo dídì ni, bí òrí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gírísì jẹ́ epo tí a fi ọṣẹ dì mú. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń po omi eérú mọ́ epo tàbí àdín láti fi se ọṣẹ dúdú, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń ṣe gírísì máa ń po ọ̀rá mọ́ ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ omi eérú láti fi se ọṣẹ. Ọṣẹ yìí ni wọ́n ń pò mọ́ epo ẹ̀rọ. Ọṣẹ náà dà bí kànrìnkàn. Ó di epo mú kí ó má baà ṣàn lọ, ṣùgbọ́n bí irin bá tẹ̀ ẹ́, á tú epo díẹ̀ jáde fún un.

Irú ọṣẹ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń mú kí gírísì kan yàtọ̀ sí òmíràn. Èyí tí a fi ẹfun se ọṣẹ rẹ̀ ti pẹ́ láyé, omi kì í tètè fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò fara da ooru púpọ̀. Èyí tí a fi lithium se ọṣẹ rẹ̀ fara da ooru àti omi níwọ̀nba, òun ló sì wọ́pọ̀ lọ́jà fún mọ́tò. Fún jáàkì tirélà tí ń wọ omi iyọ̀, èyí tí a dìídì ṣe fún ọkọ̀ ojú omi ló dára jù. Kò dára kí a máa po gírísì oríṣiríṣi pọ̀, nítorí pé ọṣẹ kan lè ba ọṣẹ kejì jẹ́. Gírísì náà á yọ́, á sì ṣàn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa irú èyí tí ó ń lò dà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ti àtijọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ḿ. Ọ̀fẹ́ ni, nítorí náà ó wu ọ̀pọ̀ láti máa dà á sí jáàkì. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàn jù, kì í dúró lára irin tí ó wà lóòró. Ìdọ̀tí àti ẹ̀rún irin wà nínú rẹ̀. Ásíìdì tí ó ti inú ẹ́ńjìnnì wá tún wà níbẹ̀ tí ó lè jẹ irin. Ilẹ̀ tí ó bá sì kán sí kò ní hu ohun rere, kànga tó wà nítòsí náà kò ní lọ láìfarapa.

Bí a ṣe ń tọ́jú jáàkì

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ó kéré jù. Ní ilẹ̀ wa, ìgbà tí ó dára ni kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà. Bí tirélà bá ti dúró sínú omi, kí a má dúró de oṣù kankan. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí:

1. Kí a gbé tirélà sí orí ilẹ̀ títẹ́jú tí ó le. Kí a fi igi há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Orí ọkọ̀ tàbí igi ńlá tí ó dúró ṣinṣin ni kí ó gbé ẹrù nígbà iṣẹ́ yìí, kì í ṣe jáàkì náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú jáàkì tí ẹrù wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ki orí sábẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé dúró.

2. Kí a yí ẹsẹ̀ jáde títí, kí a sì máa tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá ń han, bí ó bá ń fò, bí ẹsẹ̀ kan bá ń rẹ̀yìn sí èkejì, tàbí bí etu pupa bá ń dà nínú rẹ̀, àìsàn ti wà lára rẹ̀.

3. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà àti ẹrẹ̀ kúrò lára páìpù inú. Bí a bá lè ṣí ọmọrí jáàkì, kí a ṣí i, kí a fi igi àti àkísà kó gírísì àtijọ́ kúrò lára gíà.

4. Kí a fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gíà àti irin onílà, kí a sì nù ún gbẹ pátápátá. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. A kì í lo epo bẹntiróòlù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé iná máa ń tètè ràn án. Ibi tí omi tàbí kẹrosíìnì bá ṣẹ́ kù sí, gírísì tuntun kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

5. Kí a yẹ eyín gíà àti ìlà irin onílà wò. Eyín tí ó ti kán àti ìlà tí ó ti mú bí ọ̀bẹ kò ní oògùn mìíràn ju kí a pààrọ̀ wọn lọ. Gírísì kì í jí òkú irin.

6. Kí a fi gírísì tuntun pa eyín gíà, irin onílà àti bẹ́ríìnì. Bí jáàkì bá ní ọmú gírísì, ihò kékeré tí a ń fi ọmọrí dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a kọ́kọ́ nu ẹnu rẹ̀ mọ́, kí a tó fi ìbọn gírísì fún un. Ìbọn méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún jáàkì kékeré. Èyí tí ó bá pọ̀ jù kò wúlò, ìta ni yóò yọ sí láti lọ kó yanrìn.

7. Kí a yí ẹsẹ̀ wọlé tán, kí a tún yí i jáde tán, bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, kí gírísì lè dé ibi gbogbo. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò jù. Gírísì tí ó wà lókè nìkan kò ran nọ́ọ̀tì tí ó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́.

8. Kí a kán ọ́ìlì tuntun díẹ̀ sí oríkèé háńdù àti ìdí táyà kékeré, bí ó bá ní. Kí a nu gírísì ìta kúrò pátápátá, kí a sì dé ọmọrí padà.

Ní ti tirélà ọkọ̀ ojú omi, kí a máa fi omi tútù tí kò ní iyọ̀ ṣan jáàkì ní gbogbo ìgbà tí ó bá wọ ọ̀sà. Ní ti tirélà kọ̀ntéénà, kí a máa fi pákó tí ó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀ rírọ̀, nítorí pé jáàkì tí ó yè kooro kò ní ran ni lọ́wọ́ bí ilẹ̀ pupa Ọ̀tà bá gbé e mì lẹ́yìn òjò.

Èdè iṣẹ́ náà

Àwọn kan yóò ní èdè wa kò lè ru irú ẹrù báyìí. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ìpín kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Àwọn olùkọ́ wa ti ṣe tiwọn ní ti ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe ti gáréèjì? Mo rò pé kò yẹ kí a lé àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ti sọ di tiwa jáde. Gírísì, jáàkì, gíà, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ti di ọmọ ilé. Ibi tí kò bá sí ọ̀rọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò bá yé ọmọ tuntun, ni kí a ti wá tiwa. Àwọn tí mo lò nínú àpilẹ̀kọ yìí nìyí:

Ẹsẹ̀ ìgúnlẹ̀: jáàkì tí tirélà fi ń dúró nígbà tí kò sí orí ọkọ̀ níwájú rẹ̀.
Irin onílà: irin gbọọrọ tí a gbẹ́ ìlà yí ká, tí ó ń gbé nọ́ọ̀tì gòkè sọ̀ kalẹ̀.
Irin ìdábùú: èyí tí ó so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì.
Ìhara: fífà sẹ́yìn tí irin ń fa irin nígbà tí wọ́n bá kanra.
Ọmú gírísì: ẹnu kékeré tí a ń gbà fún jáàkì ní gírísì.
Ìbọn gírísì: irinṣẹ́ tí a fi ń tì í wọlé.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ fi èyí tí ó sàn jù rọ́pò èyí tí kò bá dán mọ́rán. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni kí a sì kọ́kọ́ bi léèrè, ìyẹn àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì àti àwọn ọmọọṣẹ́ wọn.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ọkọ̀ ojú omi ni tirélà Fruehauf kọ́kọ́ gbé, pé ọgbọ́n ọ̀nà tí ó yí òkè ká ni jáàkì fi ń gbé ẹrù, àti pé omi, yanrìn, àìlò àti ipá ni ń pa á. A ti rí i pẹ̀lú pé epo àti ọṣẹ ni gírísì, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kò pọ̀ jù láti fún irin ní oúnjẹ rẹ̀. Ògún ló ni irin, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fún Ògún ní tirẹ̀. Kí wọ́n má gbàgbé láti fún irin náà ní tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ ní àdúgbò kálukú wa tí kò sí ojú ìwé kan ṣoṣo lórí rẹ̀ ní Yorùbá. Kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan, kí ó lọ jókòó ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì kà á padà sí etí ẹni náà kí ó tó gbé e wá fún olóòtú. Bí ọmọọṣẹ́ kan ní Jójú bá tipasẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé páìpù gígùn kọ́ ni oògùn jáàkì tí ó le, tí ó sì lọ wá gírísì, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì pé nígbà tí òun náà bá di ọ̀gá.